Àwọn Alábàárù Inú Gbòǹgbò Ìrẹsì

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta ìrẹsì ní Ìkòtún kí n tó mọ̀ pé òkú ni gbogbo ohun tí mò ń tà. Kí oníbàárà mi kankan má bínú o. N kò sọ pé ó bàjẹ́. Mo ní ó kú, ó sì kú ikú tó dùn lọ́bẹ̀. Ọmọ mi ló là mí lójú láti ìlú òyìnbó tó wà, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrẹsì. Orí onímọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó wọ yunifásítì, ó fi yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan sílẹ̀ fún wa ní Ìgàndo, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé kan tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. A fi yàrá iwájú háyà, àwa méjèèjì jọ ń gbé ìyókù. Láti kékeré ló ti máa ń jókòó tì mí ní ìsọ̀, tí yóò gbé atẹ lé itan, tí yóò máa ṣa òkúta kúrò nínú ọ̀fadà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kí ló dé tí ti ibí yìí fi gùn, kí ló dé tí tọ̀hún fi kúrú, kí ló dé tí èyí fi ń rùn. Mo máa ń sọ fún un pé ìbéèrè kì í ta ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó máa fi ọwọ́ ṣa òkúta lọ. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta, kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Kò gbọ́. Ó béèrè béèrè dé yunifásítì, ó béèrè béèrè dé òkè òkun.

Ọjọ́ tó máa lọ, ó ní ọdún mẹ́rin ni, pé tí òun bá ti parí, òun ń bọ̀ nílé. Ọdún mẹ́rin yẹn ni mo dì mú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ìyẹn ló dúró lé: ṣé ọmọ mi ń bọ̀, àbí kò bọ̀ mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu lẹ́yìn tó lọ, ọwọ́ mi ni. Èmi tí mo lè bu kóńgò kan láìwò ó, tí ẹyọ kan kò ní lé, tí ẹyọ kan kò ní dín, mi ò lè wọn ìrẹsì tí èmi nìkan máa jẹ. Tí mo bá ti na ọwọ́ sínú àpò, agolo méjì ni yóò bọ́ sínú ìkòkò. Ọwọ́ kò mọ̀ pé ó ti lọ. Ojoojúmọ́ ni ìrẹsì ń ṣẹ́kù, mo sì ń dà á fún adìyẹ aládùúgbò mi. Obìnrin Aládùúrà ni aládùúgbò mi yìí, aláṣọ funfun, òun ló háyà yàrá iwájú. Ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, bí òjò rọ̀, bí oòrùn mú. Adìyẹ rẹ̀ sanra débi pé ó ń rìn bí ìyá ọkọ tó wá kí ìyàwó. Lọ́jọ́ kan ló sọ fún mi pé òun ti lọ jẹ́rìí nínú ìjọ, pé Olúwa ń bọ́ ẹran ọ̀sìn òun láti ibi tí òun kò mọ̀. Mo ní àmín. Ta ni èmi tí màá ba ẹ̀rí jẹ́?

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó kọ́ agolo kan. Ìgbà tó kọ́ ọ tán ni ilé wá pa rọ́rọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ mi máa ń pè mí, lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí mo bá ti fọ aṣọ. Mo máa ń gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì kí n lè rí ojú rẹ̀. N kì í mọ ohun tí màá sọ. Mo ti jẹun, ìwọ náà ti jẹun, òtútù ń mú lọ́dọ̀ rẹ, oòrùn ń mú lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tán. Ẹnu mi tó ń dá oníbàárà mẹ́wàá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu tí wọ́n ń pè ní abẹ lọ́jà, á wá di ẹnu àlejò.

Lọ́jọ́ kan, bí ọdún kẹta ṣe ń parí lọ, mo wá bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń so. Ohun tí mo gbọ́ nìyí: "Tiransipọ́tà ni, Màámi. Òun ló gba gbogbo àkókò mi. Òun ni mò ń rò ní gbogbo ìgbà." Fóònù bá kú.

Mo jókòó. Ẹni tó bá ń ná Ìkòtún mọ ẹni tó ń jẹ́ tiransipọ́tà. Onímọ́tò ni. Ẹni tó ní bọ́ọ̀sì, tó ní ẹnu ní páàkì, tó ní ìyàwó ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó tún ní òmíràn ní Òkè-Odò. Mo ní ṣé torí onímọ́tò ni mo ṣe rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó? Tó bá jẹ́ onímọ́tò ló wù ú, ṣebí àwọn tó wà nílé kò tíì tán.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tọ bàbá kan lọ ní páàkì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ní, oníbàárà mi sì ni. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, irú ọkọ wo ni àwọn tiransipọ́tà. Ó wò mí títí. Ó ṣeé ṣe kó rò pé ara mi ni mò ń béèrè fún, torí mo rí i tó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"A dáa, Ìyá Onírẹsì," ló wí. "A máa ń tọ́jú obìnrin. Ṣùgbọ́n a kì í gbélé."

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. A kì í gbélé. Ọ̀sẹ̀ náà gbáko ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, n kò jẹ́ kí ọmọ mi kí mi tán. Mo ní mo bí i, mo wò ó, mo fi ẹ̀yìn ara mi ru àpò kó lè kàwé. Mo ní ọkùnrin tí kì í gbélé kì í ṣe ọkọ, ayálégbé ni. Mo ní kó wo èmi tí ọkọ mi ń gbélé, tó jẹ́ pé ikú ló mú un jáde, síbẹ̀ tí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn lálẹ́, ilé náà máa ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, n kò ní i lọ́kàn láti sọ ọ́. Ó kàn já bọ́ ni.

Ojú ọmọ mi dúró sójú kan nínú fóònù. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló tún dé.

"Màámi," ló wí, "ta ni onímọ́tò?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní purotéènì ni òun ń sọ. Mo ní purotéènì wo? Mo mọ purotéènì: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ohun tí nọ́ọ̀sì ń pariwo rẹ̀ sí wa létí nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n inú gbòǹgbò ìrẹsì ni tòun wà, ẹrù ni wọ́n sì ń gbé. Mo ní a jẹ́ pé ẹ̀wà tó ń wa mọ́tò ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun mí.

Ó wá ń bi mí léèrè bíi pé èmi ni tíṣà. Tí tírélà bá kó ìrẹsì dé Ìkòtún, ṣé ó lè wọ inú ọjà? Mo ní kò lè wọ̀ ọ́, ojú títì ló máa dúró sí. Ó ní ta ló wá ń gbé àpò dé ìsọ̀ mi?

"Alábàárù."

"Ẹ̀hẹ́n. Alábàárù ni tiransipọ́tà tèmi."

Bó ṣe là á fún mi ni màá ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó ṣá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní gbòǹgbò dà bí ọjà tí wọ́n mọ odi yí ká. Omi wà níta, oúnjẹ ilẹ̀ wà níta, iyọ̀ burúkú náà wà níta. Ẹrù kì í dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ẹnu ọ̀nà kéékèèké ló wà lára odi, alábàárù sì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí, oníkálùkù ló sì ní ẹrù tó mọ̀ ọ́n gbé. Èyí ń gbé oúnjẹ wọlé. Èyí ń ti iyọ̀ síta. Nígbà mìíràn iyọ̀ á múra bí oúnjẹ, alábàárù á gbé e wọlé ní àṣìṣe, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti etí. Mo ní ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi, bí alábàárù tó gbé àpò mi lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún sì ti tú u tà kí n tó dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó ní àwọn kan wà tí òun fẹ́ràn jù nínú wọn, àwọn ni òun ń lo ọdún lé lórí. Àwọn yẹn kì í gbé oúnjẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Oje kan wà nínú ìrẹsì tó ń sọ fún gbòǹgbò pé ibi báyìí ni kó dàgbà sí, àwọn alábàárù yìí ló sì ń gbé e láti yàrá kan dé èkejì. Tí òjò bá kọ̀, tí ilẹ̀ bá gbẹ lókè, tí wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ náà dé ibi tó yẹ, gbòǹgbò á kọrí sísàlẹ̀, á wá omi lọ. Tí wọn ò bá jẹ́ ẹ dáadáa, gbòǹgbò á máa ṣeré káàkiri lókè ilẹ̀ títí oòrùn á fi pa á.

Mo ní, "Ta ni ọ̀gá wọn?"

"Wọn ò ní ọ̀gá, Màámi."

"Alábàárù tí kò ní ọ̀gá, tí kò sì gbé ẹrù sá lọ. Ìlú òyìnbó yẹn ti ń yí ọ lórí."

Ó lé ní wákàtí kan tí a fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó pa fóònù, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, mo wá gbọ́ ẹ̀rín mi nínú pálọ̀, ó dún bí ẹ̀rín ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì ní ìsọ̀, mo wo àwọn àpò mi. N kò tíì rí gbòǹgbò ìrẹsì rí láyé mi. Èmi dà bí ẹni tó ń ta bàtà tí kò rí ẹsẹ̀ rí. Mo wá rò ó pé tí mo bá gbin díẹ̀, màá rí ohun sọ lọ́jọ́ Àìkú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìmọ̀ ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ ni. Nínú ọ̀fadà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń wà tí èèpo rẹ̀ kò bó, a máa ń ṣà á dànù pẹ̀lú òkúta ni. Mo ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan jọ, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà méjì tó ti ṣófo, mo gbìn ín, mo gbé wọn sábẹ́ òrùlé ní ẹ̀yìnkùlé. Láràárọ̀ ni mò ń bomi rin wọ́n kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà.

Ọ̀sẹ̀ kan, kò hù. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò hù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní aláìmoore, mo bi í bóyá ó ń retí kí n ra aṣọ fún un kó tó jáde. Aláṣọ funfun mi yọjú.

"Ìyá Onírẹsì, ta lẹ ń bú láàárọ̀ kùtùkùtù?"

Mo ní ìrẹsì ni. Ó wo rọ́bà, ó wo ojú mi, ó béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ó mi orí, ó ní èyí kì í ṣe ojú lásán. Ó lọ gbé omi àdúrà rẹ̀ wá nínú ike, ó wọ́n ọn sí méjèèjì, ó sì kọ orin kan lé e. N kò bá a jà, omi lomi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iyẹ̀pẹ̀ náà ṣì pá bí orí arúgbó. Ó ní a máa gbààwẹ̀. Mo ní kí ìrẹsì kọ́kọ́ gbà á ná, òun ló ń ṣagídí.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọmọ mi, ó béèrè irú ìrẹsì tí mo gbìn. Mo ní ọ̀fadà ni, èyí tó dára jù ní ìsọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màámi, kí lẹ máa ń sọ fún oníbàárà nípa ọ̀fadà yín?"

Mo ní mo máa ń sọ pé wọ́n bọ̀ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó sá a. Ẹnu mi ló sọ ọ́, etí mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ti bọ̀ ọ́. Nínú omi gbígbóná, tèèpo-tèèpo, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ bó o. Ìyẹn ni mo fi ń polówó lójoojúmọ́, pé ẹ wá ra tèmi, wọ́n bọ̀ ọ́ dé inú. Mo wá lọ gbin ohun tí wọ́n ti sè, mo ń bú u pé kò hù, aládùúgbò mi sì ń gbàdúrà àjíǹde lé e lórí.

"Òkú lẹ sin, Màámi," ni ọmọ mi ń sọ láàárín ẹ̀rín. "Òkú lẹ sin, ẹ tún ń bomi sí i."

Obìnrin tó ń kó ọ̀fadà wá fún mi láti oko ló fún mi ní irúgbìn gidi, tí kò tíì fojú kan iná. Òun náà rẹ́rìn-ín mi kó tó fún mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi yọ, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó tutù yọ̀yọ̀ débi pé mo dúró wò ó, mo sì pẹ́ dé ọjà. Aláṣọ funfun mi ní àdúrà ọjọ́sí ló gbà. Mo tún ní àmín.

Ọmọ mi wá kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe. Rọ́bà kan, kí n máa bomi rin ín láràárọ̀. Èkejì, tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí n fi í sílẹ̀, kí n má fún un lómi àfi tí ewé rẹ̀ bá ká bí ẹní, nígbà náà náà, kó jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, kí n tú méjèèjì wo ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má ṣe àánú rẹ̀ o, torí òun mọ̀ mí.

Ó rọrùn láti sọ. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ètè èèyàn pàápàá ń sán. Láràárọ̀ tí mo bá ń fún tọwọ́ ọ̀tún lómi, tọwọ́ òsì á ká ewé rẹ̀ dúró níbẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ife omi dé etí rẹ̀ tí mo tún gbé e padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, aládùúgbò mi rí mi. Ó ní òun kò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni.

"Ẹ bọ́ adìyẹ tèmi yó títí ó fi sanra," ló wí, "ẹ wá ń fi òùngbẹ pa ìrẹsì ara yín."

Mo ní, "O mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ́ adìyẹ yẹn?"

"Mo mọ̀ o."

"O sì lọ jẹ́rìí pé Olúwa ni?"

"Ṣé Olúwa kò lè lò yín ni?"

Mo gbé ife omi mi, mo wọlé. Ẹnu mi tí wọ́n ń pè ní abẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù méjì náà pé, ọmọ mi pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Ìsọ̀ ni mo wà, mo sì yára gbé e, torí kì í pè mí ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún mi. Ó ní òun dúró níwájú àwọn ọ̀gá òun láti ṣàlàyé iṣẹ́ òun, òun sì sọ ìtàn tírélà àti alábàárù fún wọn. Láti ọjọ́ náà, òyìnbó kan nínú wọn ń pe àwọn purotéènì náà ní alábàárù, ó ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti wọ ìlú òyìnbó láìgba físà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ kí òun dúró fún ọdún mẹ́ta sí i. Inú ilé onídígí ni òun ti ń wo ìrẹsì náà látọjọ́ yìí. Wọ́n fẹ́ kí òun gbé e lọ sí oko gidi, níbi tí ọ̀dá ti ń dá, kí wọ́n rí i bóyá àwọn alábàárù náà á jẹ́ iṣẹ́ wọn nígbà tí oòrùn bá mú tòótọ́-tòótọ́. Ọjọ́ Àìkú ni òun gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn.

"Tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, màá máa bọ̀, Màámi. Mi ò ní bínú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n dá ẹni tó dúró níwájú mi lóhùn ná. Kò sí ẹni tó dúró níwájú mi.

Ọdún mẹ́rin mi kò tíì pé, wọ́n tún fẹ́ ka mẹ́ta lé e. Láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Ẹtì, mo to irọ́ jọ bí ẹni to àpò. Orúnkún mi ń dùn mí, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n mo lè fi iyọ̀ sí i. Mo lè sọ pé dókítà ní kí n má dá gbé mọ́. Mo fi lọ aládùúgbò mi. Ó ní irọ́ kò dára. Ó ronú díẹ̀, ó ní àmọ́ tó bá ń dùn yín lóòótọ́, ẹ lè kérora díẹ̀ lórí fóònù; ìyẹn kì í ṣe irọ́, ohùn lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò lọ sọ́jà. Mo ní oṣù méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ọjọ́ díẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ da rọ́bà tó ń mu omi láràárọ̀ dé. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ewé rẹ̀ ń dán, ó dára bí ọmọ olówó. Nígbà tí mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò, gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó rọ̀, ó dì jọ sókè bí irun ọmọ tuntun. Ìdajì rọ́bà náà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ni, gbòǹgbò kankan kò débẹ̀ rí.

Mo di èkejì mú láti gbé e. Kò gbé. Mo rò pé orúnkún mi ni. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbé. Mo kúnlẹ̀, mo wo ìdí rẹ̀. Rọ́bà náà ti sán nísàlẹ̀, gbòǹgbò ti gba ojú sísán náà kọjá, ó ti wọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi. Mo mú ọ̀bẹ, mo fara balẹ̀ ya ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà. Gbòǹgbò funfun, gígùn, tín-ín-rín, wọ́n kọrí sísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, wọ́n yí ìdí rọ́bà po, wọ́n ń wá ojú ọ̀nà, wọ́n sì rí i. Ewé tó wà lókè rí játijàti. Ẹni tó bá wò ó nìkan á ṣàánú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. Mo mọ ohun tí oníwàásù máa fi èyí ṣe, mo sì mọ̀ pé tí aládùúgbò mi bá fojú kàn án, ó ti dé ìjọ nìyẹn. Èmi kò fi ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń wò ó pé wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà, nínú rọ́bà ọ̀dà, nílé mi, láìsí ọ̀gá.

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú, mo pè é. Kí n tó sọ̀rọ̀, mo yí fóònù sí gbòǹgbò náà. Kò kí mi.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màámi. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ gbé fóònù sí apá òsì. Kí ló dé tí èyí fi gùn tó báyìí? Kí ló dé tí ti ẹ̀gbẹ́ yẹn fi yà? Ìgbà wo lẹ fún un lómi kẹ́yìn?"

Kì í ṣe èmi ló ń bi. Ohùn yẹn, n kò gbọ́ ọ láti ìgbà tí atẹ ti wà lórí itan rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó ní i. Ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ohùn ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ni, ó ń rọra, ó ń wo ojú mi bóyá mo ti jẹun. Èyí kò rọra. Èyí ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún mi wà lẹ́nu mi. Mo ti la ẹnu.

Mo ní, "Dúró síbẹ̀."

"Ṣé kí n má pa fóònù ni?"

"Mo ní kó o dúró síbẹ̀, níbi tó o wà. Ọdún mẹ́ta wọn yẹn. Tó o bá wá sílé báyìí, kí lo fẹ́ wá ṣe? Kó o wá bá mi ṣa òkúta?"

Mo yí fóònù padà, mo rí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi?"

"Èmi? Wọ́n ti bọ̀ mí dé inú tipẹ́. Jẹ́ kí èyí tó lè hù máa hù, jàre."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi apá aṣọ òtútù rẹ̀ nu ojú. Mo ní kó lọ jẹun, mo sì pa fóònù kó tó tún bi mí, torí tó bá bi mí lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn máa jáde.

Mo gé ìyókù rọ́bà náà kúrò, mo wa iyẹ̀pẹ̀ yí ìdí ìrẹsì náà ká, mo fi í sílẹ̀ níbi tó yàn. Aládùúgbò mi béèrè bóyá mo kérora. Mo ní mo gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ìkòkò kaná, mo na ọwọ́ sínú àpò. Nígbà tí mo wo inú ìkòkò, ìrẹsì agolo méjì ló wà níbẹ̀. Mo wò ó títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. N kò bu ọ̀kan padà. Adìyẹ aláṣọ funfun ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mọ ìró ìdérí ìkòkò mi. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rí yóò tún fi wà nínú ìjọ.